Ìgò Ọtí Tí Bàbá Mi Kò Ṣí

Fúnkẹ́ àbúrò mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn ìgò yìí fún mi. Lóòótọ́, èmi ni mo fi ìgò ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ojú ìgò rí nínú pálọ̀ wa ní Ọ̀kà, ẹnu Fúnkẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, Japan ni mo wà, ọwọ́ mi wà nínú omi tó tutù débi pé bí ẹnìkan bá yọ́ gé ìka mi kan, ó di ọjọ́ kejì kí n tó mọ̀. Fúnkẹ́ kì í purọ́, àfi tí wọ́n bá bi í ní ọjọ́ orí rẹ̀, tàbí tí oníbàárà bá bi í ní ọjà Ìkàrẹ́ bóyá awọ gidi ni bàtà tó ń tà. Ọ̀rọ̀ tèmi ò kan ọjọ́ orí, kò kan bàtà. Nítorí náà mo gbà á gbọ́, kí ẹ̀yin náà yáa gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ bí àwa ṣe ń rìnrìn àjò òkè òkun. A kì í sọ. Ẹni tó ń lọ á ní òun fẹ́ lọ kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun tó bímọ ní Òkè-Àgbè. Ẹ ó tún gbúròó rẹ̀, ó ti ń ya fọ́tò nínú yìnyín. Ayé là ń bẹ̀rù. Ta ni ayé? Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ayé lè jẹ́ aládùúgbò, ó lè jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, tó ń fi ohùn rẹ̀ bo tiyín mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìwé ìrìnnà mi jáde, Màámi pè mí sí yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé, díẹ̀ ló kù kó fi òwú di ihò kọ́kọ́rọ́.

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni," ló wí.

"Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá rẹ wà lára ẹnikẹ́ni. Ṣé o ò mọ ẹnu rẹ̀ ni? Bí ife ẹmu kejì bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ á jáde. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti gbọ́ ọ dé Àjọwá."

Bàbá mi, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìntì, kò ní àṣírí kankan láyé ju èyí tí a fi pamọ́ fún un lọ. Mo gba ọ̀rọ̀ Màámi. Mo ti lé ní ogójì ọdún nígbà yẹn o, kì í ṣe pé ọmọdé ló ń ṣe mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo lọ, Bàbá jókòó síwájú ilé, rédíò wà lórí itan rẹ̀.

"Níbo?" ó bi mí.

"Ìkàrẹ́ ni, sà."

"Bá mi ra bátìrì rédíò bọ̀. Mẹ́rin. Má ra èyí tó máa ń ṣomi o."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún un. Ó yọ dígí ojú rẹ̀, ó wò mí. Ọ̀kà sí Ìkàrẹ́ kò ju kí ènìyàn jẹ ẹ̀pà tán nínú ọkọ̀. Ta ní í fi àyà lélẹ̀ nítorí rẹ̀?

"Kí lo ṣe?" ó ní. "Ta lo fún lóyún?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo lọ. Lọ́jọ́ kẹta, mo pe ilé láti Japan. Màámi ń jó nínú fóònù, Fúnkẹ́ ń pariwo. Mo ní kí wọ́n gbé e fún Bàbá. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ kedere, bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: "Ẹ sọ fún un pé mo ń sùn."

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni ní Ọ̀kà o.

Fún ọdún mọ́kànlá gbáko, Bàbá mi ń sùn. Ọjọ́ yòówù tí mo bá pè, oorun ti gbé e lọ. Bí ẹnìkan ní ìlú bá sì bi í pé, "Ọmọ yín tó wà ní Japan ńkọ́?" á ní, "Èmi ò lọ́mọ ní Japan. Èyí tí mo ní lọ Ìkàrẹ́, kò tíì dé." Àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín. Òun ò ní rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo tó sọ fún Màámi lórí ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀ẹ̀kan ló sọ ọ́: "Ọmọ tí mo bí kà mí mọ́ ayé." Láti ọjọ́ yẹn, mo mọ ohun tí mo sọ nù. Mi ò mọ bí ènìyàn ṣe ń wá a.

*

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní Japan ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin, ó kún débi pé ìgbòǹwọ́ ẹlòmíràn wà ní ìhà mi, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Mo rò pé òkú ni wọ́n ń gbé lọ. Fúnkẹ́ pè mí níbẹ̀, mo gbé e, mo sì fi ohùn tí ènìyàn fi ń pe ẹni tó wà lórí òkè kejì ní Ọ̀kà sọ̀rọ̀. Gbogbo ọkọ̀ wo bàtà ara wọn. Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Ìyẹn gan-an ló burú. Nílé, wọn ì bá ti ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra," ọ̀rọ̀ á parí, a ó sì di ọ̀rẹ́.

Èkejì ni ilé ìwẹ̀. Ilé tí mo kọ́kọ́ gbé kò ní balùwẹ̀, wọ́n ní kí n lọ sí ti gbogbo ènìyàn. Mo dé ibẹ̀, ìhòòhò ni gbogbo wọn wà. Bàbá arúgbó kan tó ju bàbá mi lọ dìde nínú omi gbígbóná, ó tẹríba kí mi. Ọmọ Yorùbá ni mí, àgbà ló kí mi. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo wo ilẹ̀, ilẹ̀ tutù, mo wo ara mi, mo wo ara rẹ̀. Kò sí ibì kankan nínú ẹ̀kọ́ ilé mi tí wọ́n ti kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún ìhòòhò. Mo kàn rì sínú omi títí dé imú.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ mi wà ní fákítìrì tí wọ́n ti ń di oúnjẹ sínú páálí. Ìrẹsì ń kọjá níwájú mi, èmi ni mo ń fi èso pupa kíkan kan ṣoṣo lé àárín rẹ̀. Ìyẹn nìkan. Èmi ọmọ tíṣà àgbà. Bí Màámi bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, mo máa ń ní, "Iṣẹ́ ìrẹsì ni, Màámi." Ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ní oko ìrẹsì.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni mo rí iṣẹ́ sí ilé ìpọntí kan ní ìlú kékeré lókè àríwá, níbi tí yìnyín ti ń bo fèrèsé. Sàkè ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ọtí ìrẹsì. Wọ́n á hó ara ìrẹsì kúrò títí yóò fi kéré bí ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́ nínú omi dídì, wọ́n á sè é pẹ̀lú ooru, wọ́n á wá jẹ́ kí ìwúkàrà mú un nínú yàrá gbígbóná kan tí wọ́n ń tọ́jú bí yàrá abiyamọ. Ìgbà òtútù ni iṣẹ́ náà. Ọ̀gá tó ń darí wa, Ọ̀gá Sáítò, jẹ́ arúgbó kúkúrú kan tí kì í sọ̀rọ̀. Á gbé etí lé ara agbada ọtí, á máa gbọ́ bí ó ṣe ń hó, bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣe àmí nílé onílé. Nígbà mìíràn á bá a wí. Mo bi ara mi pé: ṣé kí èmi náà wá bẹ̀rù ọtí? Tiwa nílé, ọpẹ ló ń ṣe ẹmu, ènìyàn kàn ń gòkè lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gá Sáítò ka òfin ilé iṣẹ́ sí mi létí. Mi ò gbọ́ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Mo ń mi orí, mo ń ní "hai, hai," bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wà nínú ilé ìtajà, mo rí ẹ̀wà kan nínú ike kékeré. Wọ́n ti jẹ́ kó rà, ó ń fà bí ilá, òórùn rẹ̀ sì nà mí ní ẹ̀ṣẹ́. Ẹ̀yin ará, irú ni! Irú, ní òdì-kejì ayé! Mo ra ike mẹ́fà, díẹ̀ ló kù kí n sunkún. Mo lọ sílé, mo wá ewé kan tó jọ ẹ̀fọ́, mo fi ata sí i, mo se ọbẹ̀. Mo jẹun títí bẹ́líìtì mi fi bẹ̀ mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ẹnu ọ̀nà ilé ìpọntí, Ọ̀gá Sáítò gbé imú sókè. Arúgbó tí kì í sọ̀rọ̀ ké bí ẹni tí ejò bù jẹ. Àwọn mẹ́ta fà mí jáde sínú yìnyín, wọ́n bọ́ aṣọ mi, wọ́n da omi gbígbóná lé mi lórí, wọ́n fi ọṣẹ gbo eyín mi. Ẹ̀wà yẹn ni òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n kà sí mi létí: ẹni tó bá ń pọntí kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án, nítorí ohun tó ń jẹ́ kó fà á máa tẹ̀lé ènìyàn wọlé, á sì pa ìwúkàrà ọtí. Èmi ti jẹ ike mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi gbá yìnyín níta, mi ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ilẹ̀kùn. Mo wá mọ̀ pé ayé wà ní Japan náà, èmi sì ni.

*

Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún ènìyàn nípa àjò ni pé ara á máa kọ́ ẹ̀kọ́ láì gba àṣẹ. Lọ́dún karùn-ún, mo rí i pé mò ń tẹríba nígbà tí mo bá ń bá Màámi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kò rí mi, mo ń tẹríba. Bí Ọ̀gá Sáítò bá sì gbé nǹkan fún mi, orúnkún mi á fẹ́ kan ilẹ̀. Ibi méjèèjì ni mo ti ń ṣe ohun tí kò kan ẹni tó wà níwájú mi.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ayọ̀ wà. Ní ọ̀sán kan, ìyá arúgbó kan dá mi dúró ní ojú ọ̀nà, ó bi mí ní ibi tí ilé ìfìwéránṣẹ́ wà. Èmi! Gbogbo ìlú ń kọjá, àwọn ọmọ bíbí ibẹ̀, èmi ló bi. Mo júwe fún un, mo tilẹ̀ bá a dé orígun. Mo rìn lọ sílé bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè. Mo pe Fúnkẹ́.

"Wọ́n bi mí lọ́nà," mo ní.

"Ta ló sọnù?" ó ní.

"Kò sẹ́ni tó sọnù. Wọ́n bi mí lọ́nà!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ jẹun."

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀, Bàbá nìkan ló máa yé. Ó máa ń sọ fún wa ní kékeré bí àwọn ará abúlé kan ṣe bi òun ní ọ̀nà odò ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n gbé òun lọ síbẹ̀ láti kọ́ ọmọ. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún un. Ó ń sùn.

*

Tí ìgbà òtútù bá parí, onílé ìpọntí máa ń fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgò kan. Kì í ṣe ìgò tí wọ́n ń tà lásán. Amọ̀ funfun ni, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fọwọ́ mọ tó sì fọwọ́ yàwòrán sí. Kò sí méjì tó jọra. Àwọn àlejò máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá rà á lọ fún ẹ̀bùn, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ fẹ́ mọ bóyá ọtí wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi bébà funfun àti okùn pupa di ẹnu rẹ̀. Lọ́dún kẹsàn-án mi ní Japan, wọ́n ní kí n mú èyí tó wù mí. Mo mú èyí tí wọ́n ya bàbá arúgbó kan sí, tó fẹ̀yìn ti igi, orí rẹ̀ pá, ikùn rẹ̀ yọ, akèrègbè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀. Òun ló dára jù. Ẹ gbà mí gbọ́, kò sí ohun mìíràn lọ́kàn mi.

Ìdí tí mo fi mú un ni ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá ṣẹ àgbà á gbé ọtí, á wá àwọn tó máa bá a bẹ̀. Bí àgbà bá ṣí ọtí náà tó sì mu ún, ó tán. Wọn ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà mọ́. Bí kò bá ṣí i, ẹ̀bẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀mọ̀wé kan láti yunifásítì Àkùngbá wá sí ìpàdé kan ní Japan, mo wọ ọkọ̀ ojú irin fún wákàtí mẹ́rin lọ bá a, mo kúnlẹ̀ fún un nínú ilé ìtura. Ó fi ṣòkòtò abẹ́ rẹ̀ mẹ́ta wé ìgò náà, ó gbé e dé Ìkàrẹ́, ó fà á lé Fúnkẹ́ lọ́wọ́ láì fọ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí ṣòkòtò abẹ́ rẹ̀ pẹ́ lára.

Ibi tí Fúnkẹ́ ti gba ìtàn nìyí.

Ó lọ mú Bàbá Ìkun, àbúrò Bàbá wa tó ń gbé ní Ìkun. Àwọn méjèèjì wọlé ní ọjọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbé ìgò kalẹ̀. Fúnkẹ́ ní, "Bàbá, ọmọ yín ní ká bá òun bẹ̀ yín."  Bàbá fi dígí sójú. Ó yí ìgò síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó pẹ́. Màámi ń ka Orin Dáfídì nínú ikùn.

"Ta nìyí?" Bàbá bi wọ́n.

Bí Bàbá Ìkun bá dákẹ́ lọ́jọ́ náà, ìtàn mi ì bá kúrú. Ó na ọrùn, ó wo ìgò, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Háà!" ó ní. "Ẹ̀yin mà ni! Wọ́n yà yín sí ara ìgò ní Japan! Ẹ wo orí! Ẹ wo ikùn! Ẹ wo bí ẹ ṣe ń sùn!"

Màámi dá Orin Dáfídì dúró.

"Ó dára," ni Bàbá wí. "Kò tó kó sá fún mi. Ó tún lọ ròyìn mi fún wọn lọ́hùn-ún pé ọ̀mùtí ni mí."

Ó dìde, ó gbé ìgò sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, ó kọ ojú rẹ̀ sí ògiri.

Nígbà tí Fúnkẹ́ sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, mo jókòó sórí àpò ìrẹsì. Ẹ̀ṣẹ̀ ti di méjì.

Ṣùgbọ́n Bàbá Ìkun kò lè pa ẹnu mọ́, ìdílé wọn nìyẹn. Kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ará Ìkun dé. "Ẹ kúulé o. A gbọ́ pé wọ́n yà yín sí ìgò." Bàbá lé wọn. Àwọn ẹgbẹ́ ìyá ṣọ́ọ̀ṣì dé, Bàbá ò lè lé wọn. Wọ́n ní kó yí ìgò síta, wọ́n hó yèè. Ìyá ìjọ ní, "Bí wọ́n ṣe mú imú yín gan-an nìyí! Ọlọ́run ló gbé yín ga!" Àwọn kan ti Òkè-Àgbè wá, wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú ìgò, wọ́n sì ya fọ́tò pẹ̀lú Bàbá, kí ẹni tó bá ń jiyàn lè fi wé ara wọn. Fúnkẹ́ ní láti ìgbà náà, ìgò kò kọjú sí ògiri mọ́. Ó ní bí àlejò bá ti ń kan ilẹ̀kùn, Bàbá á fẹ̀yìn ti àga, á ti ikùn síwájú díẹ̀.

"Ó ti ṣí i?" mo ń bi í.

"Ta ló máa ṣí i? Ṣé èèyàn á fa okùn kúrò lọ́rùn ara rẹ̀ ni?"

Ẹ wo wàhálà tí mo kó sí. Sàkè kì í ṣe ògógóró. Kò fẹ́ ooru, kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, kò sì fẹ́ kí ó pẹ́. Òun ni wọ́n gbé sínú kọ́bọ́ọ̀dù ní Ọ̀kà, lábẹ́ òrùlé páànù, ní oṣù kejì. Ọ̀gá Sáítò, tí kì í sọ̀rọ̀, ń bi mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: "Bàbá rẹ ti mu ún?" Mo ní kò tíì mu ún. Á mirí bí ẹni tí wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ọdún kan kọjá. Èkejì ń lọ.

Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn jùlọ kì í ṣe ọtí. Mo mọ̀ pé ẹni orí ìgò kì í ṣe Bàbá mi. Gbogbo ìlú ń yọ̀, òun ń yọ̀, èmi dákẹ́. Mo tún ti ń fi òótọ́ pamọ́ fún un nítorí kí ọkàn mi lè balẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, ó lè ju ìgò náà sí ẹ̀yìn ilé, kí ẹ̀bẹ̀ mi bá a lọ. Bí mi ò bá sọ ọ́, irọ́ ni yóò dárí jì mí, tó bá tilẹ̀ dárí jì mí.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, mo pe Fúnkẹ́. Mo ní kó lọ sí Ọ̀kà, kó jẹ́ kí fóònù máa sọ̀rọ̀ síta, kó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Bàbá, kó má béèrè ohunkóhun.

"Bàbá," mo ní, "kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n yà. Mi ò mọ ẹni náà. Mo kàn mú ìgò tó dára jù ni."

Mo gbọ́ bí àga ṣe dún. Mo gbọ́ Màámi tó ní, "Jésù!" Ohùn kan wá wọlé, ohùn tí mi ò gbọ́ láti ọdún mọ́kànlá àyàfi láti òkèèrè.

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, sà?"

"Ṣé o rò pé mi ò mọ ojú ara mi ni? Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí mo ti ń fá a. Ọkùnrin yẹn ní irùngbọ̀n dé ìdodo. Ìgbà wo lo rí irùngbọ̀n lójú mi?"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ, Bàbá?"

 "Ẹni tó bá wá wo ìgò, á jókòó. Á ní, 'A gbọ́ pé ọmọ yín ti ń wa ọkọ̀. A gbọ́ pé òtútù ibẹ̀ pọ̀. A gbọ́ pé wọ́n bi í lọ́nà.' Èmi náà á ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni.' Níbo ni mo ti máa ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀?"

 Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ọtí náà. Ó ń bàjẹ́."

"Ta ló tọ́ ọ wò?"

"Sà?"

"Mo ní ta ló tọ́ ọ wò? Wọ́n gbé ọtí wá bẹ̀ mí, kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ fẹnu kàn án níwájú mi. Àbúrò mi kò mọ̀ ju ariwo lọ. Fúnkẹ́ ní òun ń gbààwẹ̀. Ìwọ tó ni ẹ̀bẹ̀ ò sí ńlé. Ìwọ tó sá fún mi kí n má baà ṣe ọ́ ní ibi, ìwọ náà ló wá fi ọtí tí ẹnikẹ́ni ò tọ́ wò ránṣẹ́ sí mi. Nínú èmi pẹ̀lú rẹ, ta ló yẹ kó bẹ̀rù ta ni?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ara mi tutù ju omi tí mo fi ń fọ ìrẹsì lọ. Ẹni tó bá gbé ọtí fún àgbà ló ń kọ́kọ́ mu ún. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Ọ̀kà mọ̀ ọ́n. Àjò ti gbà á lọ́wọ́ mi, mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ti lọ.

"Wá tọ́ ọ wò," ni Bàbá wí. "Oorun ń kùn mí." Ó gbé fóònù sílẹ̀.

*

Àárín ìgbà iṣẹ́ ni, kò sẹ́ni tó ń gba àyè nígbà náà. Mo ro ẹjọ́ mi fún Ọ̀gá Sáítò. Ó gbé etí rẹ̀ kúrò lára agbada, ó ní, "Lọ." Ó wọ inú yàrá tútù, ó gbé ìgò tuntun kan lé mi lọ́wọ́, ọtí ọdún yẹn, tó mọ́ lóló bí omi orí àpáta.

Bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá ní ọ̀sán ọjọ́ tí mo dé, ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ti gbẹ. "Ìkàrẹ́ jìnnà o," ló wí, ó ní kí n dìde. Pálọ̀ ti kún: Màámi, Fúnkẹ́, Bàbá Ìkun, ìyá ìjọ, àwọn aládùúgbò tí mi ò mọ orúkọ wọn mọ́. Mo gbé ìgò tuntun síwájú rẹ̀, mo ṣàlàyé pé èyí ló dára, pé ti inú kọ́bọ́ọ̀dù ti pẹ́ jù.

"Kì í ṣe èyí ni wọ́n fi bẹ̀ mí," ó ní. "Gbé tàkọ́kọ́ wá."

Mo gbé e. Mo tú okùn pupa. Mo da díẹ̀ sí ife. Ó ti pọ́n bí tíì, ó ń rùn bí omi tí wọ́n ti rẹ ewé sí fún oṣù kan. Gbogbo ojú wà lára mi. Mo gbé e mì. Ẹ̀yin ará, kò ṣeé ṣàpèjúwe.

"Báwo ló ṣe rí?" Bàbá bi mí.

Fúnkẹ́ já mi léèékánná ní ẹ̀yìn. Màámi ń fojú bẹ̀ mí. 

"Bàbá, ó ti kan. Kò dára mọ́."

 Bàbá gba ìgò lọ́wọ́ mi, ó bu díẹ̀díẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, títí dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n mu ún. Bàbá Ìkun gbọn bí adìyẹ tí òjò pa, ó ní, "Áà! Ọtí gidi nìyí! Ó wọ egungun!" Ìyá ìjọ fi gèlè nu ẹnu, ó ní ó dùn, pé ti àwọn òyìnbó kì í dùn báyìí. Aládùúgbò kan ní òun mọ̀ ọ́n, pé bí ó ṣe yẹ kó rí lẹ́nu nìyẹn. Ẹni kan bèèrè bóyá ó kù, ó sì ń gbàdúrà, mo rí i lójú rẹ̀, pé kó má kù.

Bàbá wá da èyí tó kẹ́yìn sí ife tirẹ̀. Ó mu ún tán, kò sinmi. Ojú rẹ̀ fún pọ̀, omi bọ́ sí i lójú, ó di apá àga mú. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ó wo yí ká pálọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ó ṣe máa ń wo kíláàsì nígbà tí ẹnìkan bá só.

"Ìdọ̀tí ni ẹ mu," ó ní. "Gbogbo yín purọ́ fún mi nínú ilé mi. Ọmọ mi yìí nìkan ló sọ òótọ́. Màmá rẹ̀, ẹ fún un lóúnjẹ."

Ẹ̀rín bú. Bàbá Ìkun ní òun ò purọ́, pé lóòótọ́ ló wọ egungun òun. Bàbá fọwọ́ lu àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo jókòó síbẹ̀, ó sì bi mí pé ta ló bi mí lọ́nà lọ́jọ́ náà, kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó gbọ́ mi bọ̀ láti òwúrọ̀, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín wọn: ká ní wọ́n bu ife kan fún yín nínú pálọ̀ yẹn, tí bàbá arúgbó náà ń wò yín lẹ́nu, kí lẹ bá wí?